Àpòòwé Tí Mo Fi Lé Ìyàwó Lọ́wọ́

Wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ wa ló pè mí lórí fóònù, ó ní ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta, ó ní èmi tí mo lọ sí yunifásítì yẹ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ inú ìyàwó ńkọ́, ta ló gbé ìyẹn síta? Ó ní kí n dúró ná, ẹnìkan ń pe òun. Kò pè mí padà títí di òní. Mo ń kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, tiwọn àti tèmi.

Mo ní láàbù kékeré kan ní Ìkọ̀lé, yàrá méjì, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ibà, ìtọ̀ ṣúgà, ohun tí mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ilé mi àti ìjọ mi wà ní ìlú kékeré kan láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mọ ẹni tó ń kọjá láti ìró ọ̀kadà rẹ̀. Ní ìjọ wa, kí wọ́n tó so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó yóò fún un ní lẹ́tà, yóò mú lẹ́tà náà wá bá mi, èmi yóò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, mà á sì kọ èsì. Bí kò bá sí oyún, ọjọ́ Sátidé ni, níwájú pẹpẹ, agogo yóò dún, akọrin yóò kọrin, ìyàwó yóò da ìbòrí funfun bojú. Bí oyún bá wà, ọjọ́ iṣẹ́ ni, nínú fẹ́sírì, ìyẹn yàrá kékeré tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn. Kò sí ìbòrí, kò sí agogo, kò sí orin. Àyẹ̀wò kankan kò sí fún ọkùnrin. Wọn kì í tilẹ̀ bi í pé báwo ni ó ṣe jẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí fún wọn, mi ò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn mi máa le níwájú, ẹ sì lè rò pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń jà fún òtítọ́. Rárá o. Mò ń gba lẹ́tà, mò ń fi òǹtẹ̀ lu èsì.

Ohun kan sì wà tí mo máa ń ṣe, tí mo rò pé inú rere ni. Akọ̀wé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í lè dúró de ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó bá wá, yóò pè mí: ṣé ó ti yanjú? Èmi yóò ní ó ti yanjú, sà. Kí èsì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti mọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni oyún wà. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí wọ́n máa fi ọmọ náà sínú àdúrà, sà. Ó yé e. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé èsì àyẹ̀wò jẹ́ ti ẹni tó ni ara. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì yege. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ìjọ ló béèrè, mo ṣe bí ẹni pé ara àwọn obìnrin náà ti di ti ìjọ.

Ìyàwó tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógójì, tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló sì fi ń rìn láti ìgbà tí egungun itan rẹ̀ ti kán. Ẹni tó bá jókòó tì í ní ọjọ́ Ìsinmi kò ní ṣàìgbọ́ ọ: ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń bá Ọlọ́run sọ, pé kí òun jókòó ní ìjókòó iwájú, kí òun rí ọmọ òun níwájú pẹpẹ yẹn, níbi tí wọ́n ti so òun náà pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà jẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Ìdó ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọ wa ló ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó wá bá mi, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí Sátidé tí wọ́n mú. Mo ki bébà ìyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, ìlà kan jáde. Mo ti ń na ọwọ́ sí kálàmù kí n kọ ọ́ pé kò sí, ni èkejì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Mo tún òmíràn ṣe. Ìlà méjì.

Ó ti dìde, ó ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká mi.

“Àǹtí, méjì ni, àbí?”

“Méjì ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbàgbé ohun gbogbo, mi ò ní gbàgbé pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà méjì ti sọ fún un pé kókó inú ilé ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó bímọ. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ń bi mí bóyá bébà náà kì í ṣi iṣẹ́ ṣe, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bi mí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sórí lẹ́tà ìjọ tó wà lórí tábìlì mi, ó sì wá ìjókòó.

Ó bẹ̀ mí kí n kọ ọ́ pé kò sí. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlá péré ni, lẹ́yìn ìgbéyàwó ta ni yóò máa ka oṣù? Mo ní mi ò lè kọ irọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù: “Kì í ṣe torí tèmi, Àǹtí. Tèmi, wọ́n lè so mí pọ̀ nínú kànga. Màámi ni mò ń rò.”

Mo jókòó. Mo rántí àwọn agbẹ̀bí ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n purọ́ fún Fáráò torí ọmọ tuntun, tí Ọlọ́run sì ṣe wọ́n lóore. Èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìtàn yẹn, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo tún rántí tọkọtaya inú ìjọ àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣubú lulẹ̀ lórí irọ́ kan, tí wọ́n sì kú. Inú Bíbélì kan náà ni méjèèjì wà. Ẹni tó bá ní ó rọrùn kò tíì jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, kí obìnrin tó lóyún máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo kọ òtítọ́. Mo fi í sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi òǹtẹ̀ lu ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí n fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé, mo fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Mo ní tìrẹ ni. Bó o bá fẹ́, fún wọn. Bó ò bá fẹ́, fà á ya, kó o sọ fún wọn pé o ò fẹ́ àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ lẹ́nu mi. Ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo fọ ọwọ́ mi. Mi ò purọ́, mi ò sì dalẹ̀ ẹnikẹ́ni; bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo tilẹ̀ ń kọrin bí mo ṣe ń nu tábìlì.

Aago márùn-ún àbọ̀, akọ̀wé pè.

“Àǹtí Láàbù, ṣé ó ti yanjú?”

“Ẹ bi ìyàwó, sà. Èsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo ń gbọ́ rédíò nínú ilé rẹ̀.

“Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ kò fún mi ní irú èsì báyìí rí.”

“Ẹ bi ìyàwó, sà.”

“Ó ti yé mi. Ẹ ṣé é.”

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀ kó tó yé èmi náà. Gbogbo ‘ó ti yanjú’ tí mo ti sọ láti ọdún mẹ́sàn-án ló bá mi dáhùn. Ká ní mi ò sọ ọ̀kankan rí, ‘ẹ bi ìyàwó’ kò ní ju ẹ bi ìyàwó lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹnu mi. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo pe ìyàwó, fóònù rẹ̀ ti kú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ pe ìyàwó. Ènìyàn méje ni wọ́n, ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin kan. Wọ́n ní kó mú èsì wá. Àpòòwé náà wà nínú báàgì rẹ̀, òǹtẹ̀ mi ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì já a. Ó ní òun fẹ́ ronú sí i. Akọ̀wé ní kò pọn dandan mọ́, Àǹtí Láàbù ti sọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ní mo ti sọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn, níwájú ènìyàn méje, ìyàwó gbà pé mo ti tà á. Ó fi àpòòwé náà sórí tábìlì fún wọn, ó dìde. Nígbà tó wá pè mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ lẹ́nu yín.” Mo ní mi ò sọ. Ó ní wọ́n mọ̀, àbí wọn ò mọ̀?

Ní ọjọ́ Ẹtì mo ti láàbù ní aago mẹ́ta, mo lọ sí ilé àlùfáà. Akọ̀wé wà níbẹ̀, wọ́n ń to ìkéde ọjọ́ Ìsinmi. Àlùfáà wa kò dàgbà tó mi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ojú sókè bí ọ̀rọ̀ bá le. Mo sọ ohun tí mo bá lọ. Mo ní wọ́n lo orúkọ mi lórí ohun tí mi ò sọ. Mo ní ọkùnrin tó ni oyún náà, ẹnikẹ́ni kò pè é, ẹnikẹ́ni kò ní kó yẹra, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ́ tó láti gbé ọrẹ Ọlọ́run. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ pé ara obìnrin nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ ń gbé? Àlùfáà ní òfin ti wà kí òun tó dé. Mo wá bi í nípa Jósẹ́fù. Mo ní ọkùnrin yẹn mọ̀ pé àfẹ́sọ́nà òun lóyún, kò sì mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n kí ni Ìwé Mímọ́ ní ó kọ́kọ́ gbèrò? Pé kó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, kójú má ti ọmọbìnrin náà. Ìyẹn kí áńgẹ́lì tó bá a sọ̀rọ̀ rárá.

Àlùfáà ń wo ilẹ̀. Akọ̀wé ló dáhùn.

“Àǹtí Láàbù, Jósẹ́fù ò sí nínú ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó.”

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bínú kọjá ibi tó yẹ. Mo dìde, mo pariwo: kí ló burú nínú oyún obìnrin tó ti pé ọdún méjìdínlógójì, tí dókítà ti ní kò ní bí? Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ìjọ fún ọjọ́ Ìsinmi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí wọn nígbà tí mo parí. Wọ́n ti dúró, ìgbálẹ̀ kankan kò mira. Títí di ìgbà yẹn ènìyàn méje àti àlùfáà ló mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti mọ̀, ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti àìsàn inú rẹ̀. Akọ̀wé kò ṣe èyí. Èmi ni.

Àlùfáà ní ibi tí agbára òun dé ni pé òun kò ní fagi lé e. Wọn yóò kéde ẹ̀kẹta. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, fẹ́sírì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi ìyàwó kò jókòó láàárín akọrin. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó wọ aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé, ó tẹjú mọ́ ìwé orin rẹ̀ kódà nígbà tí a kò kọrin. Nígbà tí ó kan ọrẹ, ọkọ ìyàwó gbé igbá bó ṣe máa ń gbé e. Ó gbé e dé iwájú mi. Mo ká ọwọ́ mi sí àyà, mo wò ó. Ó gbé e kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ká ní ó sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, kódà kó ní kí n má wo òun, ǹ bá kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́rú dé. Ẹ gbọ́ bí ilé náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ìwà ìkà tó kéré jù lójú wọn wà, tó sì tóbi jù lójú mi. Fẹ́sírì ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ṣí sínú ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Èkejì wà lẹ́yìn ilé, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga, tóóró sì ni. Ìyá ìyàwó ti ọ̀pá rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ já a sí, ó wọ aṣọ òfì tó ti pẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, ó rìn gba àárín ìjọ tó ṣófo lọ sí ọ̀nà pẹpẹ. Èmi àti ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn; ó lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà inú, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Akọ̀wé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ó ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn tó ń lo fẹ́sírì ń gbà. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó ní kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń kọ. Mo ní ìyá yìí kò lóyún, kí ló dé tí òun náà yóò gba ẹ̀yìn? Ó ní kí n má tún bẹ̀rẹ̀ o, ṣé ariwo ọjọ́ Ẹtì kò tó mi ni? Mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, ìyàwó sì wò mí. Ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa ẹnu mi dé.

A tún rìn padà, a yí ẹ̀yìn ilé. Ọkùnrin méjì fẹ́ gbé ìyá náà gun àtẹ̀gùn. Ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú wọn. Ó ní òun kì í ṣe ẹrù. Ó ní bí wọn bá bá òun wá àga, òun yóò jókòó síbi tí òun dé yìí. Wọ́n gbé àga oníke wá sábẹ́ fèrèsé fẹ́sírì. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí yanrìn, ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un, kò pẹ́. Ọmọ gun àtẹ̀gùn náà, ó wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá.

A ń gbọ́ wọn. Àlùfáà ń yára kà á. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ó rẹlẹ̀. A gbọ́ ohùn ìyàwó, ó dá ṣáká, gbogbo ọ̀rọ̀ ló pè tán. Ìyá náà ń tẹ́tí, ó gbé orí sókè sí fèrèsé, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí, àjà ilé nìkan ló lè rí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè buwọ́ lu ìwé, ó bi mí láìwo ojú mi.

“Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn?”

Mo ti ní èsì ìbéèrè yìí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ sọ nípa fóònù, nípa akọ̀wé, nípa orúkọ mi tí wọ́n lò. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó jáde yàtọ̀.

“Èmi ni, Màmá. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè, mi ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ti àwọn mìíràn fún wọn, ìyẹn ni wọ́n fi mọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì mo wá fi ariwo sọ ọ́ fún ìlú.”

Ó mi orí. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun pé kì í ṣe èmi, pé ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Òun kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí èmi máa sọ ni. Mo rò pé ó máa dárí jì mí. Mo ti ń ṣí ẹnu kí n dúpẹ́.

“Àwọn mìíràn yẹn,” ó ní, “àwọn tí wọ́n gba ibí yìí wọlé. O ti lọ ulé wọn?”

Mo ní rárá, mà.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ jáde, òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá náà sì ní kí n bá òun mú ọ̀pá.

Oyún náà ti pé oṣù méje báyìí. Ìyàwó ti padà sáàárín akọrin, ó ń kí mi bí ẹni tó ń kí olùkọ́ àtijọ́. Lẹ́tà méjì ni ìgbìmọ̀ ti tún fi rán àwọn ìyàwó mìíràn sí mi láti ìgbà náà. Mo dá méjèèjì padà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn wọn pé bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ mú ọkùnrin náà wá, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú pé wọ́n gbà kí n sọ. Wọ́n ti wá láàbù mìíràn.

Obìnrin mẹ́ta ni mo jẹ ní gbèsè ìbẹ̀wò. Ọ̀kan wà ní Èkó, mi ò tíì rí nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀kan wà ní Ọ̀yẹ́, ọkọ rẹ̀ ló jáde sí mi, ó ní ìyàwó òun kò fẹ́ gbọ́. Ìkẹta ń ránṣọ ní Ìfàkì. Mo lọ bá a ní Sátidé tó kọjá. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí àdúrà tí mo ní kí wọ́n máa gbà fún ọmọ náà. Ọmọ náà ti tó ọdún márùn-ún, ó ń ṣa bọ́tìnì sínú agolo lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó gé òwú pẹ̀lú eyín.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ wá?”

Mo ní èmi nìkan ni.

“Àwọn tó ní kí n gba ẹ̀yìn ńkọ́?”

Mo ní wọn kò bá mi wá. Ó tún aṣọ náà yí sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ tèmi. Ó ní bí mo bá dé ilé, kí n sọ fún wọn pé òun ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni òun kì í ṣí.